Gbọ̀ngàn Tó Bá Akọ̀wé Pe Abíọ́nà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Abíọ́nà Jímọ̀ kì í ṣe oníjà, onítọ̀hún ò tíì gbé gbodo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ìyá Tàjúdéènì ni gbogbo Ṣakí ń pè é. Ẹ̀rọ ló fi ń jẹun: ẹ gbé gbodo wá, ìyẹn iṣu gbígbẹ, òun á lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, á sì fi èébú kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé èlùbọ́ ti wọ ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Bó bá sunkún, ọkà ni yóò máa dà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rí i kó sunkún rí? Àwọn ẹlòmíì ló máa ń pa lẹ́kún.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tó bá yí i, àwọn àgbẹ̀ ní Òkàkà á sáré kó ohun tí wọ́n sá sóòrùn, wọ́n á ní òjò ń kù bọ̀. Ìdí ariwo yìí ló jókòó sí láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge, títí etí rẹ̀ fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Etí ọ̀tún dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, nígbà tí kò rí i, òun náà tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ o. Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rọ lódindi ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè rí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń gbọ́ràn dáadáa, àfi èyí tó ra ẹ̀rọ lánàá. Bí méjì nínú wọn bá ń kí ara wọn lójú títì, àwọn tó ń kọjá á sáré wá là wọ́n, wọ́n á rò pé ìjà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjà náà ni.

Tẹ́lẹ̀, ilé amọ̀ kan tí wọ́n ń kó àpò àgbàdo sí ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ògiri rẹ̀ nípọn bí ọrùn màlúù, ẹní wà nílẹ̀, àpò wà níbi gbogbo. Ilé náà ń rùn, eku inú rẹ̀ sì tóbi tó èyí tí èèyàn lè dì ní gàárì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á rìn tààrà lọ bá etí tí wọ́n rán an sí, á sì jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oore ni ilé yẹn ń ṣe wọ́n. Ìgbà náà ni wọ́n fi Ládòkun jẹ alága.

Ládòkun ni ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀. Ó ní ìtìjú gbáà ni kí àwọn ẹlẹ́rọ máa há sáàárín àpò bí òkété. Ó ní kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n sì kọ́ ọ. Táìlì nílẹ̀, táìlì lára ògiri títí dókè, gíláàsì gbalasa níbi tó yẹ kí fèrèsé wà, òrùlé rìbìtì bí inú ìkòkò. Ẹni tó bá ń wọlé á kọ́kọ́ rí ara rẹ̀ lára ògiri, á sì dọ̀bálẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà àwọn onílé ìlú wa. Bí wọ́n bá parí ilé, ẹnì kan á dúró sáàárín rẹ̀ kí wọ́n tó gbé àga wọlé, á fi gbogbo agbára ké orúkọ onílé, kí ayé lè gbọ́ bí ilé ṣe ń dáhùn. Ilé tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ilé tíṣà nìyẹn. Tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, oníṣòwò ló ni ín. Èyí tí kò bá dáhùn rárá, wọ́n á ní amọ̀ ni onílé pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, Ládòkun ò jẹ́ kí ẹlòmíì ké orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró sáàárín, ó na ọrùn, ó ní, "Ládòkun!" Gbọ̀ngàn gbà á, ó ní Ládòkun. Òrùlé gbà á lẹ́nu ògiri, ó ní Ládòkun. Gíláàsì náà ò fẹ́ gbẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹun tán, ilé ṣì ń pè é lọ. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bí ilé ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn!"

Bí gbogbo elétí dídi Ṣakí ṣe fi òógùn ojú wọn kọ́ ilé tí ehoro gan-an ò lè gbọ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ọkùnrin kan dìde, ó ní ìyá òun kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kan Abíọ́nà títí Ràsáàkì fi dé. Ràsáàkì jẹ́ ọmọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó puró. Ó lọ sí Ìjìó, ó ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé gba ẹnubodè wọlé, ó sì gbé e kalẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà gan-an, tó jẹ́ pé títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹgbẹ́ sọ ọ́ kedere pé ẹlẹ́rọ kan ò gbọdọ̀ dojú ẹ̀rọ kọ ẹlẹ́rọ mìíràn láìgba àṣẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tàjú," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń ké e sí i létí.

"Iṣẹ́ wo? Èwo ló ṣẹ́ kù fún mi tí mo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ má bínú, mà. Gbogbo wa la jọ ń wá oúnjẹ."

"Iwájú ilé mi loúnjẹ ẹ sọnù sí? Ràsáàkì, gbé garawa yẹn kúrò kí n tó fi orí ẹ dán an wò bóyá ó ń lọ gbodo!"

"Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yan ẹni tó wù wọ́n. Wọ́n ní ti yín ti ń lọ yanrìn mọ́ èlùbọ́."

Ràsáàkì rẹ ohùn sílẹ̀ níbi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣe, ó sì bú u fún gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ó bú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èébú ò dá oníbàárà dúró. Ẹ̀rọ tuntun ń fà wọ́n bí oyin ṣe ń fa eṣinṣin. Tàjúdéènì ọmọ rẹ̀ ti ń ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn tipẹ́ pé kí ìyá òun wá jókòó jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ òun, kó máa bá ìyàwó òun gbé ọmọ. Abíọ́nà mọ ìyàwó náà. Ó ní kí wọ́n lọ òun mọ́ gbodo sàn ju kí òun lọ máa tọrọ omi mu lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Bí ẹgbẹ́ ò bá lé Ràsáàkì, ẹ̀rọ òun á dákẹ́, Ìsẹ́yìn ló sì kù. Ló bá gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹgbẹ́.

Kò fẹ́ fi etí dídi lọ rojọ́. Ó lọ sí ọsibítù, ó bá nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Olúwafọlákẹ́mi, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ etí. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nǹkan bíńtín kan tí wọ́n ń kì bọ etí. Abíọ́nà gbà á, kò sì dúpẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe ni pé akọ̀wé á pe olùpẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá jẹ́ títí ìpè kẹta, ẹjọ́ rẹ̀ kú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí i. Samsudeen ni akọ̀wé, ọkùnrin tínínrín kan tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń béèrè epo. Ó dìde, ó pe Abíọ́nà Jímọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ògiri gbà á, ó pè é ṣìkejì. Òrùlé pè é ṣìkẹta. Gíláàsì fi ẹyọ kan ṣe èènì.

Abíọ́nà wà ní ìjókòó, ó di etí mú. Ohun tó wọ ọ́ létí kì í ṣe orúkọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da ìṣó sínú agolo, wọ́n wá ń mì ín. Ikọ́ ẹnì kan, àga tí ẹnì kan fà, orúkọ tirẹ̀ tó ń lé ara rẹ̀ kiri, gbogbo wọn rọ́ wọlé pọ̀. Ó ṣì ń tún ẹ̀rọ etí ṣe nígbà tí Ládòkun gbá tábìlì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé! Kò jẹ́. Ẹjọ́ kú."

Bàbá kan tó jókòó nítòsí tábìlì ní, "Alága, ẹ̀ẹ̀kan ni akọ̀wé pè."

"Ta ló pe ìyókù?"

"Ilé ni."

"Ilé ta ni?"

"Ilé ẹgbẹ́."

"Ó dáa. Ilé ẹgbẹ́ ló pè é, ẹgbẹ́ ló pè é. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé gbọ̀ngàn wa ń puró?"

Ó tì wọ́n lójú láti sọ pé gbọ̀ngàn ń puró. Wọ́n mi orí. Kódà, akọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri, ó ní ó bá òun dín iṣẹ́ kù.

Nígbà tí wọ́n túká, ìta ni Abíọ́nà ti ń bi àwọn èèyàn pé ìgbà wo ni wọ́n máa dé orí ẹjọ́ òun. Ràsáàkì ló wá dúró níwájú rẹ̀, ó la ẹnu gbàgà kó lè rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

"Ìyá. Ẹ. Ti. Jẹ̀bi."

Wọ́n ní bàtà tó jù mọ́ ọn ṣì wà lórí òrùlé ilé kejì.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi dé ọsibítù. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lu tábìlì.

"Gba ìdọ̀tí rẹ! O fún mi ní ohun tó ń ho létí bí ìkòkò ẹ̀wà."

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ ti lò ó?" ni nọ́ọ̀sì ké sí i létí.

"Ní gbọ̀ngàn wa. Gbọ̀ngàn ńlá, táìlì látòkè délẹ̀. Irú ẹ ò sí níbi tó o ti wá."

Olúwafọlákẹ́mi náà ò mọ̀ ọ́n bẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ yìí lọ́gbọ́n? Kò ní. Ohun tó bá bá lọ́nà ló ń gbé. Nínú irú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ kan á gbá ògiri, á padà, á gbá òkè, á padà, ìkejì á ti dé kí àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀. Gbogbo wọn lẹ̀rọ ń kó bọ̀ yín létí lẹ́ẹ̀kan náà. Etí yín ń ṣàìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé yẹn ti kú."

"Kí n wá gbé ilé wá kó o gún un lábẹ́rẹ́?"

"Ẹ gbé e, ẹ lọ kì í bọ etí yín, kẹ́ ẹ jókòó sáàárín àpò èlùbọ́ yín. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ padà wá bú mi. Mo wà níbí."

Abíọ́nà lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun á padà wá bú u. Ó jókòó sínú yàrá tó ń kó àpò sí, ó ki ẹ̀rọ bọ etí. Ó gbọ́ eku tó ń jẹun. Ó gbọ́ bí aṣọ òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ró. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn obìnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé àjẹ́ yẹn wà nínú ilé?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló fẹ́ gbọ́? Etí tó ti di òkúta."

Abíọ́nà yọ orí síta. "Àjẹ́ wà nílé o! Ẹ gbé gbodo yín sílẹ̀ kí n fi ìyẹ́ gbé e fò lọ!"

Àwọn obìnrin náà sá lọ, wọ́n fi gbodo sílẹ̀. Ó lọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́.

Ó wá lọ bá Ládòkun nílé. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ òun gbọ́, kí wọ́n sì to àpò ká ògiri gbọ̀ngàn kí wọ́n tó pe òun. Ládòkun rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fi já.

"Kí n da àpò bo táìlì? Ṣé o fẹ́ kí ilé mi yadi ni? Ẹjọ́ la ó tún pè, nítorí ojú àánú tí mo ní. Ká wò ó bóyá wà á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Ó dá a lójú pé gbọ̀ngàn á tún bá òun ṣiṣẹ́.

Ohun kan ló gbàgbé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló ń gbá gbọ̀ngàn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ọwọ́ ẹni tí ìgbálẹ̀ bá sì wà ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Ó kan Abíọ́nà. Òjò ọdún náà sì ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Èlùbọ́ ń bu nínú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sá sí. Abíọ́nà yí ọjà po, ó ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́rọ ti yọ̀ǹda gbọ̀ngàn, pé alága ní àánú wọn ń ṣe òun. Irọ́ gbuu ni. Inú rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó kírun tán.

Wọ́n kó ẹrù dé. Àpò èlùbọ́, àpò àgbàdo, àpò ọkà bàbà láti Kìṣí, àwọn tó ń ta òwú sì gbé àpò òwú tó ga ju ilẹ̀kùn lọ wá. Wọ́n tò ó yí ògiri ká, wọ́n tò ó bo gíláàsì, wọ́n to òwú lé e lórí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Táìlì kan ṣoṣo ò rí ìta mọ́ lára ògiri.

Ọjọ́ ìpàdé, Ládòkun wọlé, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o!"

Ilé dákẹ́.

Ó wojú òkè. Ó ní, "Ládòkun!" Kò sóhun tó dáhùn. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó rí i pé ilé ti kọ òun sílẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n da gbogbo àpò síta. Àwọn oníṣòwò tó ni àpò ti gun orí ẹrù wọn lọ jókòó. Ìta sì ti ṣú dùdù.

"Gbé e," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "gbé èlùbọ́ mi sínú òjò, kí n rí ibi tí ẹ̀yin ẹlẹ́rọ á ti rí ohun tẹ́ ẹ máa lọ̀."

Ládòkun rọra jókòó.

Samsudeen dìde. "Abíọ́nà Jímọ̀!"

"Mo wà níbí. Rọra pè mí, mi ò sọnù."

Gbogbo ìjókòó yí ọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì mọ̀ pé akọ̀wé ń sọ èdè Yorùbá. Abíọ́nà ro ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan èébú tó fi sín in ní gbẹ́rẹ́.

Wàhálà ẹgbẹ́ yìí ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó sí ilé táìlì, ohun tó wà nínú kálukú ló ń sọ jáde pẹ̀lú ohùn tó là, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ó ti mọ́ wọn lára. Bí Abíọ́nà ṣe ń jókòó, Ràsáàkì tẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí? Alága ti gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi."

Gbogbo ilé gbọ́. Òwú gan-an gbọ́.

Igbákejì alága ní, "Ewúrẹ́? A jẹ́ pé ẹran tó fún mi pé ó ṣẹ́ kù níbi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀ ni!"

Ìyàwó Ládòkun wà níbẹ̀. "Ìyá mi? Ìyá mi tó wà nílé tó ń jẹ̀kọ?"

"Ẹ dákẹ́!" ni Ládòkun ké.

"Òun la kọ́ gbọ̀ngàn fún," ni bàbá kan sọ lẹ́yìn, tó rò pé inú òun lòun ti ń sọ ọ́. "Ikùn ewúrẹ́ lásán."

Ẹnì kan tún sọ pé ẹ̀rọ Samsudeen ń lọ ata mọ́ èlùbọ́. Ẹlòmíì ní ọmọ tí Ràmọ́nì ń gbé kiri ò jọ Ràmọ́nì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ṣì ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Abíọ́nà dìde, ó dúró síwájú tábìlì.

"Ewúrẹ́ dà?"

Ládòkun wojú ilẹ̀. "Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Dá ẹjọ́ mi."

Kò sí ibi tó máa sá gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ìkà ò tán nínú rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ pàṣẹ kí Ràsáàkì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbi tí Abíọ́nà ò ti ní gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó sì ṣẹ́jú sí Ràsáàkì, torí ta ni ò mọ̀ pé etí Abíọ́nà di? Bí Ràsáàkì bá sún ẹ̀rọ kúrò díẹ̀ bíi fífẹ̀ àga, ó ti pa òfin mọ́.

Ohun kejì tí wọ́n fẹnu kò lé lọ́jọ́ náà, wọ́n ò jiyàn lé e rárá. Wọ́n ní bí òjò bá ti dá, kí wọ́n kó gbogbo àpò jáde, kí ilé padà máa dáhùn. Bàbá tó bú alága ló dá àbá náà, alága ló kín in lẹ́yìn. Wọ́n ní bí àwọn bá tún gbọ́ ara àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹgbẹ́ á tú.

"Ẹ máa jókòó sínú agolo yín," ni Abíọ́nà wí. "Èmi ti gbọ́ tèmi."

Ọjọ́ tí Ràsáàkì máa gbé ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ń bínú sí i torí ẹnu rẹ̀. Ó gbé e sórí ọmọlanke, ó tì í títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ní ó ti tó. Abíọ́nà tẹ̀ lé e. Ó ti yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí, ó wé e mọ́ etí ìró.

"Yí i," ó fọwọ́ júwe fún un.

Ràsáàkì yí ẹ̀rọ. Gbogbo àdúgbò mì. Abíọ́nà tẹ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ojú, ó rọra gbọ́ ohun tí kò gbọ́.

"Mò ń gbọ́ ọ. Sún un síwájú."

Ó tì í dé ìkóríta. Ó yí i.

"Ó ń ho mí létí gan-an ni. Sún un."

"Ìyá Tàjú, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Etí yín di!"

"Kí lo wí?" ni Abíọ́nà béèrè. "Sún un."

Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà oko, níbi tó jẹ́ pé ewúrẹ́ àti àwọn Fúlàní olómàlúù nìkan ló ń kọjá. Ràsáàkì ti làágùn tán, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè ti ọmọlanke mọ́, Abíọ́nà ká ìró rẹ̀ sókè, ó dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó sì fi èjìká bá a tì í.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Ràsáàkì wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Abíọ́nà rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣe. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, olóṣì. Ìgbà tá a bá dé òkè yẹn, wà á tún un yí."